Oníbodè Omi: Ẹja Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Láti Yemọjí Dé Erìwé

Odò Ọ̀ṣun sun ní Igèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo, ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ó sì tú sínú ọ̀sà Lẹ́kkí nítòsí Ẹ̀pẹ́. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pa ẹja inú rẹ̀. Oyè ọba ìlú náà, Àtáója, wá láti inú ìtàn ẹja tó jáde wá bá ọba: a-tẹ́-ọwọ́-gba-ẹja, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò kan náà, ẹja ni ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ fi lókìkí. Àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè máa ń sọ pé òkè odò mọ ìtọ́jú ẹja, ìsàlẹ̀ odò sì mọ jíjẹ. Mi ò gbà fún wọn. Lójú tèmi, ẹja máa ń pẹ́ nínú omi tó ní oníbodè, ìyẹn ẹni tí àlejò gbọ́dọ̀ kí kó tó ju àwọ̀n, tí oúnjẹ òun fúnra rẹ̀ sì so mọ́ ẹja tó bá ṣẹ́kù. Olórìṣà ni oníbodè yìí ní Òṣogbo. Ìlú fúnra rẹ̀ ni ní Ìjẹ̀bú àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Ìjẹ̀bú ṣe ń lo ọ̀nà rẹ̀ kí òyìnbó tó wọ̀ ọ́. Àlejò kì í ṣàdédé la ilẹ̀ náà kọjá. Ẹ̀bá ilẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé rẹ̀ lọ́jà, bíi ti Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà, níbi tí ọjà Èkó ti ń bá ọjà òkè pàdé. Oníbodè wà lójú ọ̀nà tó ń gba owó bodè, kò sì sẹ́ni tó ń wọlé láìní onílé tó máa dúró fún un. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ forí lé, ṣùgbọ́n abẹ́ àṣẹ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ni wọ́n dó sí. Títí di òní la ṣì ń ya Èkó Ẹ̀pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ọba tó ní ọkọ̀ àti ọmọ ogun kò lè sọ omi àti èbúté di tirẹ̀ kìkì nítorí pé ó ti débẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo rò pé kò ní rọrùn fún apẹja lásán tó gbé ìgèrè àti ìwọ̀ rẹ̀ wá láti ibòmíràn. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ á san ìṣákọ́lẹ̀. Omi tó wà láàárín ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣe omi aláìní-baba.

Odò ni wọ́n ti já bodè náà. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun Gómìnà Carter ti Èkó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà àríwá. Àwọn Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní odò Yemọjí, nítòsí Ìmágbọ̀n. Ìbọn Maxim ló ṣí ọ̀nà ìrékọjá náà ní ọjọ́ 19, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Awùjalẹ̀ Tunwàṣe wà lórí oyè, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti di ti gbogbo ayé. Ìtàn tí wọ́n sábà ń sọ nípa ogun yìí jẹ́ ti òwò, ti ìjọ Ọlọ́run àti ti ilé ẹ̀kọ́, wọn ò sì parọ́. Ohun tí wọ́n fò ni pé ọjọ́ tí àṣẹ bodè kú lórí ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí omi.

Ẹnìkan lè dá mi dúró níbí pé ènìyàn ò pọ̀ nígbà yẹn, irin iṣẹ́ wọn ò sì lágbára. Ìgèrè tí wọ́n fi ọparun hun kò lè gbá odò. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù àti ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ṣe ohun tí ìgèrè ẹgbẹ̀rún kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo Argungu ní Kebbi, níbi tí ènìyàn kò kéré rárá. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja pípa tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá ní 2016. Ibi tí wọ́n ti ń pẹja nínú odò ibẹ̀, títì ló máa ń wà títí ọjọ́ ọdún á fi pé, Sarkin Ruwa, olórí omi, ló sì ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń rọ́ wọlé pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti igbá, ẹja ńlá ṣì ń jáde. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn díẹ̀ nìkan ló ń pa ẹja mọ́, Argungu ì bá ti gbẹ.

Àtakò kejì wúwo jù ìyẹn lọ, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: bodè Ìjẹ̀bú kì í ṣe fún àánú ẹja. Èrè ni wọ́n ń wá. Ìbàdàn jìyà ọ̀nà títì, àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀ sì ta ẹrú gba ojú ọ̀nà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé kí bodè padà wá bó ṣe rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé agbára tí wọ́n ń lò láti dá àlejò dúró ni agbára tó ń jẹ́ kí ẹnìkan lè sọ fún apẹja pé ó tó. Nígbà tí wọ́n wó bodè nítorí ohun tó burú nínú rẹ̀, wọn ò fi ohunkóhun rọ́pò ohun tó dára nínú rẹ̀. Òfin ẹja inú odò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ka oró àti ohun abúgbàù léèwọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń jí ní òru láti ṣọ́ odò nítorí ìwé òfin?

Ní Montana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ní oníbodè tiwọn láìpè é bẹ́ẹ̀. Odò ibẹ̀ mọ́ gaara, òmíràn nínú wọn láti ìsun abẹ́ ilẹ̀, ẹja tí wọ́n ń pè ní trout ló sì wà níbẹ̀. Àlejò á san owó fún afinimọ̀nà kan, ẹni tó ń so ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú ṣe bí eṣinṣin, tó mọ ẹ̀yìn òkúta tí ẹja ń sinmi sí, tó sì máa ń ní kí ó dá ẹja náà padà sómi. Oúnjẹ afinimọ̀nà yìí ni ẹja tó yè. Ní 1974, ìjọba Montana dẹ́kun dídà ẹja tí wọ́n fọwọ́ tọ́ sínú odò tí ẹja ti ń bí fúnra wọn, nítorí ìwádìí odò Madison fi hàn pé èyí tí wọ́n ń dà sómi ló ń dín èyí tí a bí níbẹ̀ kù. Ẹ̀kọ́ yìí ni kí a mú, kí a fi ẹja wọn sílẹ̀ fún wọn. Trout kò lè gbé nínú omi wa, omi tútù ló ń wá. Níbi tí omi ti tutù tó ní Áfíríkà, ó ti fa wàhálà: Ewart Grogan gbé ẹyin rẹ̀ láti Scotland lọ sínú odò Gura ní Kẹ́ńyà ní 1905, ní Gúúsù Áfíríkà sì ni trout ti ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké ìbílẹ̀ run. Àrọ̀ àti ẹpìyà ni tiwa.

Ìdí nìyẹn tí Erìwé, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, fi yẹ kó wọ inú ìtàn yìí. Nígbà tí òṣì le ní ìlú, ètò ìdàgbàsókè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ṣe alága rẹ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, fi akùrọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sìn ẹja. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń pín adágún fún ọmọ ẹgbẹ́, ó ń fún wọn ní ọmọ ẹja àti oúnjẹ ẹja, wọ́n sì ń san án padà nígbà tí wọ́n bá kórè. Àrọ̀ ni púpọ̀ jùlọ. Lójú tèmi, bodè ni èyí, bodè tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi: ààlà ìpín wà, orúkọ oníǹkan wà nínú ìwé, ẹni tó bá sì ba omi jẹ́, aládùúgbò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú un. Ẹni tó bá ní ẹja inú adágún kò lè rọ́pò ẹja inú odò kò ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n Erìwé fi hàn pé àwọn Ìjẹ̀bú ṣì mọ bí a ṣe ń jẹ́ olómi láàárín ara wọn.

Odò ńlá ni ìmọ̀ náà kò tíì dé. Láti 1967 ni Ẹ̀pẹ́ ti wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, Ìjẹ̀bú-Òde bá a lọ, odò Ọ̀ṣun sì gba ìpínlẹ̀ méjèèjì kọjá. Ní òkè, àwọn awakùsà wúrà lágbègbè Iléṣà ti sọ omi odò náà di aláwọ̀ ẹrẹ̀, débi pé kí ọdún Ọ̀ṣun 2022 tó wọlé, ìjọba Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùsìn kí wọ́n má mu ún. Kí omi náà tó dé ọ̀sà, ó ti kọjá níwájú ìjọba mélòó kan, kò sì sí èyí tó béèrè ohun tó gbé sínú. Apẹja tó bá rí i pé àwọ̀n òun gbé ẹrẹ̀ ju ẹja lọ ní Ẹ̀pẹ́ kò mọ ilẹ̀kùn ẹni tí òun yóò kàn.