Téṣàn Wásinmi àti Èbúté Wa

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ìtàn téṣàn kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni a mú wá lọ́dún yìí, nítorí ó kan àwa ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí rélùwéè kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó. Nígbà tó fi di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Wásinmi wà lára àwọn téṣàn kéékèèké ọ̀nà Abẹ́òkúta, orúkọ rẹ̀ sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà: bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ pàdé, ọ̀kan ní láti dúró ní téṣàn kí èkejì kọjá. Ọkọ̀ tó ń jó èédú tún ní láti bu omi lọ́nà. Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń dúró, ẹlẹ́kọ, eléso àti àgbẹ̀ yóò pé síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ díísù dé, kò wá omi mọ́. Ọ̀nà ọ̀dà gba èrò àti ẹrù. Ní oṣù kẹfà 2021 ni ìjọba ṣí rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ojú irin méjì ló ní, ọkọ̀ kan kò dúró de èkejì mọ́. Irin rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 1,435. Ti àtijọ́ kò ju 1,067 lọ. Wásinmi kò sí lára àwọn téṣàn tuntun náà. Ìlú tó ní kí èrò wá sinmi, ọkọ̀ tuntun kò sọ èrò síbẹ̀.

Èbúté ni téṣàn tiwa. Kí irin tó dé, Ìkòròdú wà lára ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ilẹ̀ òkè ń gbà wọ Èkó. Irin gba púpọ̀ nínú ẹrù Ìbàdàn lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ká ọ̀sà nílẹ̀ bí ẹní. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń ná Ìpakodò títí dòní.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ohun tó ń mú ọkọ̀ dúró ló ń mú ìlú dúró. Bí a bá fi èbúté sílẹ̀ fún koríko, tí a kò sì bi àwọn ìyá àti baba wa tó ná ọjà Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn léèrè, àwa náà yóò di ibi tí wọ́n ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí kálukú wa kọ ìtàn àgbà kan sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, kí a sì jọ máa tọ́jú etí omi wa.

Ẹgbẹ́ wa yóò dàgbà, yóò dogbó. Àṣẹ.