Jùjú Kọjá Òkun: Kí Ni Òyìnbó Gbọ́?

Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé òyìnbó ló sọ jùjú di orin ńlá ní ọdún 1982. Àwọn mìíràn ní rárá o, wọ́n ní jùjú lọ sí òkè òkun, ó kùnà, ó sì sá padà wálé. Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí jùjú tó kọjá òkun, òkun ti wọ inú jùjú. Ní Èkó ni wọ́n ti bí i, lẹ́yìn ọdún 1930, níbi tí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti òkè òkun padà bọ̀ ń gbé láàárín onílẹ̀. Túndé King wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú un lókìkí. Láti òkè òkun ni irú bánjò tó ń ta ti wá. Ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n ń jù sókè tí wọ́n ń hán, irú èyí tí àwọn onígbàgbọ́ ń lù ni. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé níbi jíjù yẹn ni orúkọ jùjú ti wá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ọmọ onílẹ̀ tó wà láàárín wọn.

Gàǹgan ńkọ́? Kò tíì sí níbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ ohùn bánjò nídìí gàǹgan? Lẹ́yìn ogun Hitler, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá dé, ni àyè wá gba ìlù wa. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rọ òyìnbó ló ṣílẹ̀kùn fún gàǹgan. Lẹ́yìn náà ni I. K. Dáíró, tí wọ́n bí sí Ọ̀fà, gbé àkọ́díọ̀nù wọ̀ ọ́, tí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìlú Ọba fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá ní 1963.

Ìgbà owó epo rọ̀bì ni jùjú wá gbilẹ̀ tán. Ebenezer Obey ń kọ Mílíkì, Sunny Adé náà ń dá tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ jùjú, òde òwàḿbẹ̀ ni kí ẹ lọ. Olórin á máa wo ojú agbo. Bí olówó kan bá ti dìde, á pe orúkọ rẹ̀, á pe ti bàbá rẹ̀, á ki ìyàwó rẹ̀. Gàǹgan á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á fi oríkì lé e. Olówó á jó wá síwájú, á máa lẹ náírà mọ́ olórin níwájú orí. Ta ni yóò kánjú parí irú orin bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tí ojú kan àwo orin tí bàbá mi ń gbé sórí ẹ̀rọ fi ń tó bí ogún ìṣẹ́jú láìdánu dúró.

Bob Marley kú ní oṣù karùn-ún 1981. Ilé-iṣẹ́ Island tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ń wá ẹlòmíràn láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Martin Meissonnier, ọmọ Faransé, ló bá Sunny ṣe àwo *Juju Music* ní 1982. *Synchro System* tẹ̀ lé e ní 1983, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy. Ní 1984, Stevie Wonder fọn hamóníkà nínú *Aura*. Obey náà kò jókòó sílé. Virgin gbé *Je Ka Jo* rẹ̀ jáde ní 1983.

Kí wá ni òyìnbó gbọ́? Lójú tèmi, ẹsẹ̀ wọn ló gbọ́. Wọ́n gé orin gígùn sí kéékèèké, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé kún un. Sunny ò yé kọrin ní Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà tí gàǹgan ń sọ̀rọ̀, ìró lásán ni létí wọn. Wọ́n jó o, ó dùn mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yé wọn. Àwo náà ò tà tó bí Island ti fẹ́, wọ́n sì pínyà lẹ́yìn *Aura*. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Sunny ní agbo tó ń dúró dè é nílé.

Ṣé ìkùnà wá nìyẹn? Ó tì o. Adémọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta gìtá onírin fún Sunny, èyí tí wọ́n ń fi irin fà lórí okùn rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń fà bí ẹkún. Erékùṣù Hawaii ni irú títa bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà gbà á, Èkó gbà á lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ní 1986, nígbà tí Paul Simon ará Amẹ́ríkà ṣe *Graceland*, Adépọ̀jù yìí ni ó ta gìtá náà nínú rẹ̀. Ohun tí òkun gbé wá ni òkun gbé padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ti kàn án. Nígbà tó di 1998, Sunny ṣe *Odù*, wọ́n tún yàn án fún Grammy.

Ohun tó ń dùn mí kọ́ ni pé òyìnbó ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ni wọn ì bá fi gbọ́ ọ? Àwọn ọmọ tiwa, l'Ékòó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, ló ń bà mí lẹ́rù. Bí gàǹgan bá ń ki ìdílé wọn lójú agbo báyìí, ijó ni wọ́n ń jó. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń pè. Òyìnbó tí kò gbọ́ èdè kò pàdánù ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ki bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀ tí kò mọ̀, ogún ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbé àwo sí i nílé, ẹ sọ ohun tí ìlù ń wí fún wọn.