Oko Àwòkọ́ṣe Lọ́kọ́ja àti Igi Òrí Ilẹ̀ Wa

 Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ Adankolo. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì wà lára àwọn àdúgbò tí omi yalé ní ọdún 2012. Ní ìlú wa yìí, ní agbègbè Òkè Pátì, ni àwọn òyìnbó ti dá oko kan sílẹ̀ ní ọdún 1841, tí wọ́n pè ní oko àwòkọ́ṣe. Ìtàn oko náà ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀gbẹ́ni Thomas Fowell Buxton ni ó gbà á lérò pé, bí àwọn aláwọ̀ dúdú bá rí èrè nínú ilẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń rí nínú títa ènìyàn lọ, òwò ẹrú yóò parí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gba Odò Ọya wá. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti tà lẹ́rú rí, wà lára àwọn tí ó bá wọn wá. Kò tí ì di àlùfáà nígbà náà. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Igálà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko.

Èrò náà dára, n kò ní ṣe àbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà kọlu àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ kú, àwọn ọkọ̀ sì padà. Alfred Carr, ọmọ West Indies tí wọ́n fi ṣe alábòójútó, ṣàìsàn, ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó di àwátì lójú ọ̀nà. Ralph Moore, aláwọ̀ dúdú tí ó ti Làìbéríà wá, ni oko wá kù sí lọ́wọ́. Owú ni wọ́n gbájú mọ́, nítorí òun ni àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀wà tí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò mọ̀ ọ́n gbìn kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Nígbà tí Lieutenant Webb wá kó wọn kúrò ní ọdún 1842, ohun tí ó bá níbẹ̀ ni pé àwọn tí a kó wá láti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ di pàṣán mú lórí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná: oko tí a dá nítorí kí oko ẹrú lè parí!

William Baikie gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1854 ó gun Odò Ọya, ó fún àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ ní kuníìnì, kò sì sí ẹni tí ibà pa. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ó tẹ̀ dó sí Lọ́kọ́ja, ó la ọ̀nà, ó sì dá ọjà sílẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè máa kó irè tiwọn wá. Ó kú ní ọdún 1864, ṣùgbọ́n ìlú náà kò kú. Àwọn fadá SMA tiwa bá a níbẹ̀ ní ọdún 1884. (Òtítọ́ ni pé ìbọn Ilé Iṣẹ́ Royal Niger tẹ̀lé ọjà náà, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Òrí wà lára irè tí àwọn oníṣòwò ń rà lójú Odò Ọya, pàápàá láti ilẹ̀ Nupe. Igi òrí kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa ń gbìn. Bí wọ́n bá ń ṣán oko, wọn a dá a sí. Ó lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so dáadáa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró òrí tí a kò tí ì fún jáde fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, sọ nígbà náà pé ilẹ̀ wa ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 òrí àgbáyé, ṣùgbọ́n ìdá 1 péré ni ìpín wa nínú owó rẹ̀. Àwọn tí ó fún un ni wọ́n ń jẹ èrè.

Síbẹ̀ wọ́n ń gé igi náà láti fi sun èédú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ baba nílé, kí ẹ tó fún àwọn tí ń sun èédú láyè, ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tí ń bá yín bójú tó o, kí ó ka iye igi òrí tí ń bẹ lórí rẹ̀ fún yín.