Owó Oko, Ilé Ìgboro

Bí èèyàn bá dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ọ̀nà Oxford, yóò rí ilé òkúta gàgàrà kan láàárín pápá. Blenheim ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ilé ọba, síbẹ̀ ààfin lorúkọ rẹ̀. Jagunjagun ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní 1704 ni Duke of Marlborough ṣẹ́gun àwọn ará Faransé. Ọbabìnrin Anne ta á lọ́rẹ ilẹ̀ Woodstock, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní 1705. Oko ló wà o, kì í ṣe ìgboro.

Ìbàdàn náà ní jagunjagun. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé Ayéyẹ́, nínú ìlú, ni agbo ilé Balógun Ìbíkúnlé wà? Ẹ wo Ìjàyè, tó wà ní Akínyẹlé lónìí. Ìlú ńlá ni nígbà náà, síbẹ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn tú u ká ní 1862. Bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá lè di ahoro, ta ni yóò lọ náwó ilé ńlá sínú igbó? Ìgboro ni oyè wà, ibẹ̀ ni ọdún wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú àgbà wá sin. Ilé làbọ̀ sinmi oko.

Ahéré ló tó fún oko. Wọn á fẹsẹ̀ po amọ̀ títí yóò fi kúná, wọn á mọ ipele kan, wọn á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gun òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri á wó. Ọparun lórùlé, ewé gbọ́dọ̀gí tàbí koríko ni wọ́n fi ń bò ó.

Kòkó ló yí ìyẹn padà. Ogun Kírìjì tán ní 1893, rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Lálúpọn kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Páànù àti sìmẹ́ńtì wá rọrùn láti kó. Àwọn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé páànù: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tówó rẹ̀ gbó keke kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, irú èyí tí àwọn Àgùdà kó ti Bràsíìlì wá sí Èkó. Iwájú ilé ni wọ́n ń sá kòkó sí. Síbẹ̀ náà, èyí tó tóbi jù, ìgboro ni bàbá kọ́ ọ sí.

Lẹ́yìn ogun Hitler, owó orí lórí ogún mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé oko ńláńlá wọn. Ní 1974, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London pàtẹ àwòrán àwọn tó ti lọ, káwọn èèyàn lè mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù. Tiwa ń wó, kò sẹ́ni tó pàtẹ nǹkan kan. Ọmọ mẹ́wàá ló jogún ilé, kò séyìí tó fẹ́ pààrọ̀ páànù kan ṣoṣo.

Ó mà léwu o! Ní 2021 ni rélùwéè tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé Mọ́níyà, ìgboro sì ti ń wọ oko láti ibẹ̀ títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, ògiri bàbá, igi obì rẹ̀ àti pèrègún ààlà ni yóò jẹ́rìí. Òjò ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Bí orí rẹ̀ kò bá tutù, á pẹ́ láyé. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ dá owó páànù. Kò tó owó lọ́yà.