Ètò Tuntun Lórí Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀: Kọ̀ǹpútà Àlòkù ní Ilẹ̀ Yewa

Ní Ìdí-Ìrókò àti àwọn ìlú ẹnubodè yòókù ní ilẹ̀ Yewa, tòkunbọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ojú ọ̀nà yìí wà lára ibi tí ọkọ̀ àlòkù ń gbà láti Kútọnu. Ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀ díẹ̀. Èbúté Èkó ni ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ìwádìí tí àjọ Basel Action Network ṣe ní ọdún 2005 fi hàn pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 ni ó ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, àti pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà tí kò ní àtúnṣe.

Èyí tí ó ní àtúnṣe pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ètò aṣàkóso tí ń darí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, ètò náà sì ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Ọdún 2001 ni Windows XP jáde. Àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Ti Windows 7 parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Windows 11 kò tẹ́wọ́ gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2017. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ńṣe ni ó dà bí olùkọ́ tí fáìlì ní kí ó fẹ̀yìn tì nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran kàwé.

Ọgbọ́n kan ni kí a dá kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà, kí ètò àtijọ́ máa ṣiṣẹ́ nínú ètò tuntun. Ilé-iṣẹ́ IBM ti ń ṣe é lórí ẹ̀rọ ńláńlá láàárín ọdún 1960 sí 1969. VMware gbé e dé orí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ọdún 1999. Ó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ àtúnṣe, nítorí ohun tí ó bá bàjẹ́ nínú lọ́hùn-ún kò kan ẹ̀rọ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ìrántí rẹ̀ kò ju gígábáìtì 2 lọ kò lè bọ́ ara rẹ̀ kí ó tún bọ́ àlejò.

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni ó bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu jù. Láti ọdún 2005 sí 2011, àwọn tó ni Ubuntu ń fi sídìí rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé, ohun ńlá níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n. Iná ọba ni kò ṣeé fi ránṣẹ́. Nígbà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin de gbígbé epo dé ibi tí kò jìnnà ju kìlómítà 20 sí ẹnubodè ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, jẹnẹrétọ̀ di ìgbéraga; kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára wá níyì ju ti orí tábìlì lọ.

Láti ọdún 2015 sì ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí ní iléèwé yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Linux, tí olùkọ́ lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ fún àwọn ọmọ náà láìsanwó.