Dríìpù Tó Yá Kọ́ Ni Ara Tó Yá

Láti Ketu títí dé Mile 12 ní Èkó, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti ta gbòǹgbò: pé dríìpù ni ìtọ́jú gan-an, ìyókù kàn ń tẹ̀lé e ni. Alábàárù tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò láti ìdájí, tí ibà wá kọlù ú nírọ̀lẹ́, kì í gbà pé wọ́n ti tọ́jú òun àfi bí wọ́n bá gbé ọ̀rá omi kọ́ sókè orí rẹ̀. Wọ́n ní oúnjẹ ni omi náà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ní bó bá ṣe ń sáré wọlé tó ni àlàáfíà ṣe ń sáré bọ̀ tó. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó bá dín in kù, tàbí tó so ó mọ́ pọ́ǹpù tó ń fún un ní díẹ̀díẹ̀, àkókò aláìsàn ló ń fi ṣòfò, bóyá kí owó bẹ́ẹ̀dì lè gòkè. Bí ẹnìkan bá sì sọ pé omi lè pọ̀ jù, èsì ti wà nílẹ̀: ṣebí ẹ̀rọ wà tó ń fa omi jáde?

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé wáyé. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó lọ́dún 2024, Kosofe, níbi tí Ketu àti Mile 12 wà, wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà dárúkọ pé ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú, tí ohùn rẹ̀ ti lọ, lè dìde jókòó láàárín wákàtí mélòó kan bí omi bá wọ inú iṣan rẹ̀. Irú ohun tí dókítà Thomas Latta rí ní Leith ní Scotland lọ́dún 1832 nìyẹn, nígbà tó fi omi oníyọ̀ sí iṣan àwọn tí onígbáméjì ti fẹ́ pa. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí i kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ fún àrùn kan ni wọ́n gbé, tí wọ́n fi ń wo gbogbo àrùn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ti oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Lóòótọ́, ṣúgà wà nínú àwọn dríìpù kan. Ọ̀rá ìdajì lítà dẹ́síróòsì ìdá 5 nínú 100 ní ṣúgà gíráàmù 25, kálórì tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 100 lọ. Ẹni tó ń ru ẹrù ní Mile 12 ń lò ju 2,000 lọ lóòjọ́. Kò sí bí ọ̀rá kan ṣe lè bọ́ ọ. Ti nọ́máà sálàìnì tilẹ̀ tún yé ni jù: iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà omi kan, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ńṣe ni wọ́n ń bu omi la ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó yóò túbọ̀ rí ìṣòro. Omi yẹ́lò tí àwọn ènìyàn ń dìídì béèrè ní kẹ́míìsì, fítámínì B ni wọ́n dà sí i. Èyí tí ara kò bá lò yóò bá ìtọ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ọjọ́ náà fi máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Owó ni wọ́n ń tọ̀ dànù. Òfin kò sì gba ẹni tó kàn ń ta oògùn páténtì láàyè láti gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, áńbọ̀sìbọ́sí pé kó gbé dríìpù kọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ eré sísá ni ó gba sùúrù. Mo gbà pé ìgbà kan wà tí ó yẹ kí dríìpù sáré. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà tí onígbáméjì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ pátápátá ni mìlílítà 100 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta, 30 nínú rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tó wọn kílò 60 yóò gba lítà mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlànà yẹn kan náà dáadáa: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n yàn fún un, kì í ṣe mẹ́ta. Ní ibi tí eré ti jẹ́ dandan pàápàá, wọ́n ṣì wọ̀n ọ́n.

Ìdí tí eré fi tọ́ níbẹ̀ ni pé omi ti jáde lára, àyè rẹ̀ sì ṣófo. Ibà kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Omi oníyọ̀ tó wọ iṣan kì í pẹ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jò jáde bọ́ sí àárín ẹran ara. Bí ọkàn kò bá lágbára tó láti gbé e, bí kíndìnrín kò bá lè tọ̀ ọ́ jáde, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ọmọ tí ebi ti gbẹ lára: gbogbo wọn ni eré dríìpù lè pa.

A kò fi ọgbọ́n orí nìkan sọ èyí. Àwọn olùwádìí tí Kathryn Maitland ṣáájú wọn dán an wò ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Ó ju 3,000 ọmọdé lọ tí ibà líle dé mọ́lẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì lọ káàkiri bó ti yẹ. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ní ibà ẹ̀fọn. Wọ́n sáré fún apá kan lómi, wọn kò sáré fún apá kejì. Láàárín wákàtí 48, nínú 100 àwọn tí wọ́n sáré fún ní omi oníyọ̀, 10.5 ló kú. Nínú àwọn tí wọn kò sáré fún, 7.3. Wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró. Ẹ má sì rò pé àwọn ará ọjà nìkan ni àṣìṣe yìí mú: ọ̀pọ̀ dókítà ló ti retí pé òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo pọ́ǹpù tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Pọ́ǹpù tí a mọ̀ ládùúgbò ni èyí tó ń ti omi bọ́ọ̀hóòlù gòkè tagbáratagbára, nítorí náà kò yani lẹ́nu bí ènìyàn bá retí kí ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ń fún rọ́bà dríìpù pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ka iye mìlílítà tó kọjá láàárín wákàtí kan, ó ń pariwo bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rọ́bà tàbí bí ọ̀nà bá dí, bátìrì rẹ̀ sì ń gbé e bí wọ́n bá mú iná lọ. Níbi tí kò bá sí i, ojú àti aago nọ́ọ̀sì ni pọ́ǹpù. Nínú rọ́bà tí wọ́n sábà ń lò fún àgbàlagbà, ẹ̀kán 20 ni mìlílítà kan. Bí ìdajì lítà bá níláti lo wákàtí mẹ́rin, nǹkan bí ẹ̀kán 42 ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọmọdé ní agolo kékeré tí wọ́n ń wọn omi sí lókè rọ́bà, ẹ̀kán 60 ló sì ń ṣe mìlílítà kan. Ìbátan tó bá yí táyà kékeré ara rọ́bà nígbà tí nọ́ọ̀sì kẹ̀yìn, gbogbo ìṣirò yìí ló bàjẹ́.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó ronú nípa potásíọ̀mù, èròjà kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ dríìpù. Aláìsàn tó ti gbuuru títí lè nílò rẹ̀ gidigidi. Ní wọ́ọ̀dù lásán, wọn kì í sábà jẹ́ kó ju 10 mmol lọ láàárín wákàtí kan. Ìwọ̀n kan náà tó ń wo ènìyàn sàn ní wákàtí mẹ́rin lè dá ọkàn rẹ̀ dúró bó bá wọlé ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Oògùn kò yí padà, iye rẹ̀ kò yí padà. Eré rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ti owó bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? N kò ní sọ pé kò sí ilé-ìwòsàn tó ń fa ọjọ́ gùn. Ṣùgbọ́n dókítà ni a ń bi ní ìdí tó fi yan wákàtí tó yàn. A kì í fi ọwọ́ ara wa tú dríìpù láti fi jà fún owó. Ẹni tó bá lè mu omi tilẹ̀ lè máà nílò rẹ̀ rárá. Lọ́dún 1971, nígbà tí dríìpù tán ní ibùdó àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Bangaon ní Íńdíà, omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ni dókítà Dilip Mahalanabis fún àwọn tó ní onígbáméjì mu. Ikú wálẹ̀ láti nǹkan bí 30 nínú 100 sí èyí tí kò tó 4.

Ó ku ẹ̀rọ tó ń fa omi. Òótọ́ ni pé ó wà, ó sì ń gba ẹ̀mí là: ó ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti èébì kúrò ní ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Òótọ́ sì ni pé dókítà lè ki rọ́bà bọ àyà, kí omi sì máa ṣàn sínú ìgò. Ṣùgbọ́n omi yẹn wà lóde ẹ̀dọ̀fóró, láàárín rẹ̀ àti egungun ìhà. Èyí tí dríìpù àsáré dà sílẹ̀ wà nínú ẹran ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, kò sì sí rọ́bà tó lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ lè nu fóòmù tó yọ sẹ́nu. Orísun rẹ̀ ṣì ń sun. Wọn yóò gbé aláìsàn jókòó, wọn yóò fún un ní ọ́síjìn, wọn yóò fún un ní oògùn tí yóò mú kó tọ̀, bí kíndìnrín rẹ̀ bá gbọ́. Bí kò bá gbọ́, ó di ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ ju ti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sá fún lọ fíìfíì.