Láti ẹ̀rọ 270 kílò dé CardioPad: Ìtàn bí ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ṣe ń tọ aláìsàn lọ sílé ní Cameroon

Bí ọkàn ẹni tó ń gbé nílùú Maroua, ní ìhà àríwá Cameroon, bá ń lù kìkì láìnídìí, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ ohun tó fà á, ọ̀nà Yaoundé tàbí Douala ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un. Yóò wọ bọ́ọ̀sì dé Ngaoundéré, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin mọ́jú dé Yaoundé. Tó bá jẹ́ Douala ló ń lọ, yóò tún wá ọkọ̀ míì wọ̀. Ìrìnàjò náà lé ní 1,000 kílómítà.

Douala, tó wà létí odò Wouri, ni ìlú tó tóbi jù ní Cameroon. Ibẹ̀ ni Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò Douala àti ilé ìwòsàn Laquintinie wà. Ní ọdún 2016, nǹkan bí 50 dókítà onímọ̀ nípa ọkàn ni Cameroon ní fún èèyàn tó lé ní 20 mílíọ̀nù. Douala àti Yaoundé sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ọkàn ń dà láàmú kọ́ ló yẹ kó máa rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé aláìsàn ló ń wá ẹ̀rọ lọ, tí ẹ̀rọ kì í wá aláìsàn wá? Ìdáhùn wà nínú ìtàn ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ tó gba yàrá méjì

Iná mànàmáná kékeré ló ń mú kí ọkàn lù. Tó bá fi máa dé ara awọ, iná náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún volt lọ. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ECG ni àwòrán iná yìí lórí ìwé.

Láàárín ọdún 1901 sí 1903, Willem Einthoven, ọ̀jọ̀gbọ́n ní fásitì Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ṣe ẹ̀rọ tó lè ka iná náà yanjú. Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí 270 kílò, ó gba yàrá méjì, èèyàn márùn-ún ló sì ń dúró tì í. Aláìsàn yóò ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ kan bọ inú omi iyọ̀, kí iná ara rẹ̀ lè gba ibẹ̀ dé inú ẹ̀rọ.

Kò sẹ́ni tó lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, tó wà ní kílómítà kan ààbọ̀ sí yàrá ìwádìí rẹ̀. Ní ọdún 1905, Einthoven fi wáyà tẹlifóònù so ibi méjèèjì pọ̀. Aláìsàn wà ní ilé ìwòsàn, ìlù ọkàn rẹ̀ sì gba orí wáyà lọ bá ẹ̀rọ. Ní 1924, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Nobel.

Ẹrù ẹ̀yìn Holter

Norman Holter, ará ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, fẹ́ mọ bí ọkàn ṣe ń lù nígbà tí èèyàn bá ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ṣe ní nǹkan bí ọdún 1947 sí 1949 ń fi ìlù ọkàn ránṣẹ́ bíi rédíò. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e kọ́, ó sì wúwo tó 38 kílò, ìyẹn bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ohun méjì ló sọ ẹrù náà di fúyẹ́. Àkọ́kọ́ ni transistor, tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ Bell Labs ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, tó gba ipò àwọn gílóòbù onígíláàsì tó ń jẹ iná púpọ̀. Èkejì ni bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú fóònù, tí iléeṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1991.

Nígbà tó fi máa di 2018, aago ọwọ́ Apple ti lè ka ECG. Ṣùgbọ́n ojú ibì kan ṣoṣo ni aago náà ti ń wo ọkàn. Ti ilé ìwòsàn ń wò ó láti ojú ibi 12. Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé aago náà kò lè dá ìkọlù ọkàn mọ̀.

Ta ni Arthur Zang?

Ní ọdún 2009, Arthur Zang, akẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Yaoundé, pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Kingue, onímọ̀ nípa ọkàn, ní ilé ìwòsàn tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìṣòro àwọn aláìsàn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Zang kò kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Íńdíà. Lẹ́yìn tó gbé fídíò iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjọba Cameroon fún un ní 20 mílíọ̀nù owó CFA. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Rolex ní 2014, ó sì gba ẹ̀bùn Africa Prize ti Royal Academy of Engineering ní 2016, pẹ̀lú £25,000.

CardioPad ni orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò lẹ ohun tó ń gba iná ọkàn mọ́ ara aláìsàn, àwòrán yóò hàn lójú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yóò sì gbé e lọ bá dókítà nílùú míì. Bátìrì ló ń lò, nítorí náà kò dìgbà tí iná bá wà.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Ọgbọ́n tí Einthoven dá ní 1905 náà nìyí: kí ìlù ọkàn rìn, kí aláìsàn jókòó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ̀rọ ti wọnú àpò nọ́ọ̀sì báyìí.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè sọ dókítà 50 di 500. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbì kan tí yóò ka àwòrán náà. Ẹni tó bá sì nílò ìtọ́jú tó le kò ní ṣàìrin ọ̀nà Douala. Àmọ́ kó tó wọ bọ́ọ̀sì ní Maroua, yóò ti mọ̀ pé ó tọ́ kí òun lọ. Ẹni tí kò sì nílò rẹ̀ lè dúró sílé, kó fi owó ọkọ̀ ra oògùn.